Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ Yorùbá: "Kò tíì dá wa lójú tán" kì í ṣe "A ò mọ nǹkan kan"

Ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa, ẹ̀yin akàròyìn, ẹ̀yin atọ́kùn ètò tó ń fi èdè Yorùbá jíṣẹ́ fún wa lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀ lálẹ́, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ohùn yín kò ní há.

Ẹ̀bẹ̀ ni mo bá wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹjọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó kan bí ẹ ṣe ń ka ìròyìn nípa ìyípadà ojú ọjọ́, pàápàá níbi tí àwọn onímọ̀ bá ti ní ọ̀rọ̀ kò tíì dá àwọn lójú tán. Bí ìròyìn bá ti dé ibẹ̀, oríṣi méjì ni mo máa ń gbọ́. Àwọn kan á gé iyèméjì náà jù nù pátápátá, wọ́n á ní "àwọn onímọ̀ ti sọ pé òkun máa gbé Èkó mì." Àwọn mìíràn á ka "ó ṣeé ṣe" náà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n fi kà á, àti ẹ̀rín tó tẹ̀lé e, á ti sọ fún olùgbọ́ pé àwọn òyìnbó wọ̀nyí kàn ń méfò ni. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹnìkan á ti pè wọlé: "Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Àwọn fúnra wọn ní kò dá àwọn lójú. Ọlọ́run nìkan ló mọ òjò." Atọ́kùn á ní "òótọ́ lẹ sọ, bàbá," orin á wọlé.

Èmi náà gbà pé Ọlọ́run ló mọ òjò. Ṣùgbọ́n "kò tíì dá wa lójú tán" tí onímọ̀ sọ yàtọ̀ sí "mi ò mọ̀" tí èmi àti ẹ̀yin máa sọ bí wọ́n bá bi wá pé èló ni dọ́là máa jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Àìmọ̀ tiwọn ní ààlà. Wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n mọ ibi tó bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbìmọ̀ tí ayé ń gbọ́ tirẹ̀ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni IPCC, tí àjọ WMO tó ń rí sí ojú ọjọ́ àti àjọ UNEP tó ń rí sí àyíká, àwọn méjèèjì lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, jọ dá sílẹ̀ ní 1988. Ìgbìmọ̀ náà kì í ṣe ìwádìí fúnra rẹ̀. Ìwádìí àwọn ẹlòmíràn ló ń kó jọ, tó ń yẹ̀ wò, tó sì ń sọ ibi tí ìmọ̀ dé. Ní 2000, onímọ̀ méjì, Richard Moss àti Stephen Schneider, kọ ìlànà kan fún àwọn òǹkọ̀wé rẹ̀ pé kí kálukú yéé lo "ó ṣeé ṣe" bó ṣe wù ú. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ tí àwa máa tú sí "ó ṣeé ṣe," ohun tí wọ́n ń sọ ni pé, ó kéré tán, ìdá 66 nínú 100 ni. "Ó ṣeé ṣe gan-an" bẹ̀rẹ̀ láti 90. Òmíràn wà tó bẹ̀rẹ̀ láti 95, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú tán sì bẹ̀rẹ̀ láti 99. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń sọ̀ kalẹ̀ títí dé ohun tí kò ju ìdá kan lọ nínú 100. Òṣùwọ̀n kejì tún wà tí kì í lo nọ́mbà: báwo ni ẹ̀rí ṣe pọ̀ tó, báwo sì ni ẹnu àwọn onímọ̀ ṣe kò tó lórí rẹ̀? Ẹ̀rí lè kéré kí gbogbo wọn sì fohùn ṣọ̀kan. Ẹ̀rí sì lè pọ̀ rẹpẹtẹ kí wọ́n ṣì máa jiyàn lórí ohun tó túmọ̀ sí. Èyí tó bá jẹ́, wọ́n á sọ ọ́.

Ẹ bá mi wá olóṣèlú kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní iná mànàmáná máa dúró ṣinṣin kí ọdún tó parí kò sọ fún wa rí bóyá ìdá 66 ni àbí ìdá 5.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Madrid ní ilẹ̀ Sípéènì, ní oṣù Kọkànlá 1995, torí ibẹ̀ ni mo ti rí bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe lè mú àgbààgbà sùn pẹ́. Ìjábọ̀ àkọ́kọ́ tí IPCC gbé jáde ní 1990 ti sọ pé ó máa tó ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àwọn tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ọwọ́ ènìyàn hàn nínú gbígbóná ayé. Ọdún márùn-ún péré ló tíì kọjá, ẹ̀rí sì ti ń pọ̀ sí i. Ben Santer, ọ̀dọ́ onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló ṣáájú àwọn tó kọ orí kẹjọ ìjábọ̀ kejì, níbi tí wọ́n ti gbé ìbéèrè náà yẹ̀ wò. Àwọn onímọ̀ àti aṣojú ìjọba jókòó pọ̀, wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi ṣàpèjúwe ipa ènìyàn lórí ojú ọjọ́. Ṣé ipa tó tóbi ni ká pè é? Àbí èyí tó ṣeé wọ̀n? Saudi Arabia àti Kuwait, tí epo rọ̀bì ni oúnjẹ wọn, kò fẹ́ ọ̀rọ̀ tó bá le jù. Àwọn onímọ̀ náà kò sì fẹ́ èyí tó máa rọ̀ ju ẹ̀rí lọ. Nígbẹ̀yìn, Bert Bolin ará Sweden, alága ìgbìmọ̀, ló mú ọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn gbà wá. Gbólóhùn tó jáde kò ju báyìí lọ: bí a bá gbé gbogbo ẹ̀rí yẹ̀ wò, wọ́n tọ́ka sí i pé ipa ènìyàn lórí ojú ọjọ́ àgbáyé ti ṣeé dá mọ̀.

Ẹ tún un kà. Wọn ò ní ó dájú. Wọn ò ní ipa náà pọ̀. Ẹ̀rí tọ́ka sí i, ó sì ti ṣeé dá mọ̀, ó tán. Ká ní èmi ni mo ń ka ìròyìn lọ́jọ́ náà, bóyá oorun ni ì bá gbé mi lọ lórí gbohùngbohùn.

Síbẹ̀ ìjà tó tẹ̀lé e kò ṣeé fẹnu sọ. Ní oṣù Kẹfà 1996, Frederick Seitz, àgbà onímọ̀ físíìsì tó ti ṣe ààrẹ National Academy of Sciences ní Amẹ́ríkà rí, kọ ọ́ sínú Wall Street Journal pé wọ́n ti fọwọ́ kan orí kẹjọ lẹ́yìn ìpàdé, pé wọ́n ti yọ iyèméjì inú rẹ̀ dà nù. Santer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fèsì pé àtúnṣe tí ìlànà ìgbìmọ̀ là kalẹ̀ ni àwọn ṣe, lórí àkíyèsí àwọn tó yẹ iṣẹ́ náà wò. Ẹnu kò yé kun Santer fún ọdún gbọọrọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ tó ka àpilẹ̀kọ Seitz kò mọ̀ ni pé Seitz yìí kan náà ti bá ilé-iṣẹ́ sìgá R.J. Reynolds ṣe alábòójútó owó ìwádìí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo mẹ́nu kan sìgá torí ibẹ̀ ni ọjà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1969, nínú ìwé abẹ́lé kan tó padà já síta láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ sìgá Brown & Williamson, wọ́n kọ ọ́ fàlàlà pé iyèméjì ni ọjà tí àwọn ń tà. Wọn ò nílò láti fi hàn pé sìgá kò pa ènìyàn. Kí ènìyàn ṣáà máa sọ pé "wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí" ti tó wọn. Àwọn elépo rọ̀bì kọ́ ọgbọ́n náà. Ní 1998, ètò kan tí wọ́n ṣe lábẹ́ American Petroleum Institute sọ pé ìṣẹ́gun máa dé nígbà tí aráàlú bá "mọ̀" pé ọ̀pọ̀ nǹkan kò dájú nínú ìmọ̀ ojú ọjọ́. Ní 2002, Frank Luntz, olùdámọ̀ràn ẹgbẹ́ òṣèlú Republican, kọ ìwé sí àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àìdánilójú kúrò lẹ́nu. Luntz fúnra rẹ̀ wá síwájú àwọn aṣòfin ní 2019, ó ní àṣìṣe ni ohun tí òun kọ. Ọmọlúàbí ló ṣe níbẹ̀, àmọ́ ọdún mẹ́tàdínlógún ti lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ sọ́kàn. Àwọn tó ń ta iyèméjì kò purọ́ tí ó hàn sójú. Ọ̀rọ̀ tí onímọ̀ fi òótọ́ inú sọ ni wọ́n mú, wọ́n yọ òṣùwọ̀n rẹ̀ kúrò, wọ́n wá gbé ìhòòhò rẹ̀ síta. Bí ẹ bá ka "ó ṣeé ṣe" tí ẹ fi nọ́mbà rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé, iṣẹ́ wọn lẹ ń bá wọn ṣe, tí wọn ò sì san kọ́bọ̀ fún yín.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí gbólóhùn Madrid yẹn? Ní 2001, ìgbìmọ̀ náà ní ó ṣeé ṣe pé àtọwọ́ ènìyàn ni èyí tó pọ̀ jù nínú gbígbóná àádọ́ta ọdún tó kọjá: 66 lókè. Ní 2007, wọ́n gbé e dé 90. Ní 2013, 95. Ìgbà tó di oṣù Kẹjọ 2021, wọ́n ní kò sí àní-àní mọ́ rárá pé ènìyàn ló mú afẹ́fẹ́, òkun àti ilẹ̀ gbóná. Ohun tó jẹ́ kí n gbà wọ́n gbọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tan ènìyàn jẹ kì í fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n rìn láti "ó ti ṣeé dá mọ̀" dé "kò sí àní-àní."

Wọ́n máa ń ṣì í náà o. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Ní 2007, apá kejì ìjábọ̀ wọn kẹrin sọ pé àfàìmọ̀ ni yìnyín orí òkè Himalaya kò ní yọ́ tán kó tó di 2035. Kò sí ìwádìí gidi kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2010, ìgbìmọ̀ náà jáde pé àwọn kábàámọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ní kí InterAcademy Council, àjọ tó kó àwọn ẹgbẹ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì orílẹ̀-èdè jọ, wá yẹ iṣẹ́ àwọn wò. Àwọn yẹn rí i pé ibòmíràn ṣì wà tí wọ́n ti fi ìdánilójú ńlá sórí ẹ̀rí kékeré. Ẹ̀yin tó máa ń gé iyèméjì kúrò nínú ìròyìn kó lè dùn ún gbọ́, ibi tí ẹ̀yin náà ń kó ara yín sí nìyẹn. Bí ẹ bá ti sọ pé òkun máa gbé Èkó mì, tí ọdún mẹ́wàá kọjá tí Èkó ṣì wà níbẹ̀, ta ló tún máa gbọ́ yín lọ́jọ́ tí ìkìlọ̀ gidi bá dé?

Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ọ̀rọ̀ òkun yìí wò, torí ó kàn wá. Láàárín 1901 sí 2018, òkun àgbáyé ga sókè ní nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà. Wíwọ̀n ni wọ́n wọ̀n èyí. Ní ti ọ̀la, ìjábọ̀ 2021 ní bí ayé kò bá dín èéfín tó ń mú ayé gbóná kù rárá, tó tún wá ń pọ̀ sí i ni, ó ṣeé ṣe kí omi fi 63 sẹ̀ǹtímítà sí mítà kan lé díẹ̀ ga sí i ní 2100 ju bó ṣe wà láàárín 1995 sí 2014. Ẹ má gbàgbé 66 tó wà lẹ́yìn "ó ṣeé ṣe" yẹn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi kún un pé àwọn kò lè sọ pé kò ní súnmọ́ mítà méjì, torí ọ̀nà tí yìnyín Antarctica lè gbà ya lulẹ̀ kò tíì yé ẹnikẹ́ni dáadáa. Ìdánilójú tí wọ́n ní lórí ìyẹn kéré, wọ́n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́gbọ́n kan ò ta kókó omi sétí aṣọ, ọ̀mọ̀ràn kan ò mọ oye erùpẹ̀ ilẹ̀.

Wàyí o, ẹni tó pè wọlé á ní: "Ṣé ẹ rí i, wọn ò mọ̀, kí ló wá ń bà wá lẹ́rù?" Bẹ́ẹ̀, àìmọ̀ yìí kò dúró sí àárín. Apá ibi tó burú jù ló ṣí sílẹ̀ sí. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni bóyá ó máa burú ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ẹni tó ní "wọn ò mọ̀, torí náà kò séwu" ti sọ ara rẹ̀ di ẹni tó mọ̀ ju onímọ̀ lọ. Ká ní atọ́kùn kan lè fi sùúrù sọ èyí fún bàbá yẹn, láìbú u, láìfi ṣe yẹ̀yẹ́, mo rò pé á yé e. Àwọn àgbà wa kò ṣàì mọ̀ pé òjò tó ṣú lè má rọ̀, wọ́n ṣáà máa ń kó àgbàdo tí wọ́n sá wọlé.

Ní Ayétòrò, létí òkun ìpínlẹ̀ Oǹdó, òkun ti ń jẹ ìlú wọ inú láti ọdún pípẹ́ wá. Àwọn ará ibẹ̀ kò nílò ìjábọ̀ kankan láti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí kan ṣoṣo ló máa ń jẹ etí òkun: omi ń ga, ilẹ̀ lè máa rì, iyanrìn tó yẹ kí ìgbì gbé wá lè má dé mọ́. Bí akàròyìn bá sọ pé "ìyípadà ojú ọjọ́ ló ba Ayétòrò jẹ́" kó tó bi ẹnikẹ́ni léèrè, ó ti tú àwọn tí ọwọ́ wọn lè wà nínú èyí tó kù sílẹ̀ lófo.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ sí omíyalé 2022, tó pa ènìyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, tó sì lé àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan kúrò nílé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, àwọn onímọ̀ World Weather Attribution, tó ń wádìí ipa ìyípadà ojú ọjọ́ nínú àjálù ojú ọjọ́, gbé iṣẹ́ wọn jáde. "Ìlọ́po 80" ló dé etí gbogbo wa. Òótọ́ ni: wọ́n ní ìyípadà ojú ọjọ́ mú kí irú òjò tó rọ̀ jálẹ̀ àsìkò náà ní agbègbè adágún Chad rọrùn láti ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 80. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ kan náà, òjò líle ọlọ́jọ́ díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ odò Niger, ìlọ́po méjì péré ni wọ́n fún un. 80 àti 2 wà nínú ìwé kan ṣoṣo. Ẹyọ kan ló dé orí afẹ́fẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì tó ní òjò nìkan ló pa àwọn ènìyàn náà. Ilé tí wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà omi kò sí nínú ìṣirò yẹn.

Ó tún ku ibì kan tí mo ti ń bẹ̀rù kí ẹ má ṣì í kà. Nínú àwòrán ìjábọ̀ 2021 tó fi hàn bóyá òjò líle ti pọ̀ sí i ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ẹkùn Áfíríkà ló wà ní àwọ̀ eérú, tó túmọ̀ sí pé ẹ̀rí kò tó. Ẹni tó bá ń kánjú lè kà á pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa. Rárá o. Kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n tó ni. Láti 1990 sí 2019, ìdá 3.8 péré nínú 100 owó tí ayé ná sórí ìwádìí ojú ọjọ́ ló bá ọ̀rọ̀ Áfíríkà lọ. Àìmọ̀ yìí kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run, àìnáwó ni, ìròyìn gidi sì ni fún ẹni tó bá fẹ́ bi ìjọba ní ìbéèrè.

Ẹ lè ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó fún gbogbo èyí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Bóyá, ó lè jẹ́, ó ṣeé ṣe, àfàìmọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, kò sí àní-àní: tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ la ti ń fi wọ́n wọn ọ̀rọ̀ lójú ọjà àti nílé ẹjọ́. Ohun tó kù ni ká so nọ́mbà mọ́ wọn. David Budescu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé gbólóhùn láti inú ìjábọ̀ 2007 síwájú àwọn ènìyàn, wọ́n ní kí wọ́n sọ iye tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ lójú wọn. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ju 90 lọ, wọ́n fà á wálẹ̀ gan-an, kódà àwọn tí wọ́n fún ní ìwé òṣùwọ̀n lọ́wọ́. Ní 2014, wọ́n gbé irú ìwádìí náà jáde láti orílẹ̀-èdè 24, ní èdè 17, bákan náà ló rí. Ohun tó ràn wọ́n lọ́wọ́ ni kí nọ́mbà wà nínú gbólóhùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà gan-an.

Torí náà, dípò "àwọn onímọ̀ ní ó ṣeé ṣe kí omi òkun ga," ẹ gbìyànjú kí ẹ kà á báyìí: "Àwọn onímọ̀ ní ó ṣeé ṣe, ìyẹn ni pé, ó kéré tán, ó tó bíi méjì nínú mẹ́ta, kí omi òkun fi 63 sẹ̀ǹtímítà sí mítà kan lé díẹ̀ ga sí i kí ọ̀rúndún yìí tó parí bí èéfín bá ń pọ̀ sí i. Wọ́n ní ó tún lè ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ̀rí lórí ìyẹn ṣì kéré." Kò gùn ju ìpolówó àgbo jẹ̀dí kan lọ.

Ìjábọ̀ pàtàkì lórí àwọn ìlú ńlá ni IPCC ń kọ lọ́wọ́ báyìí. Ó di dandan kó kan Èkó àti Ìbàdàn. Bí ó bá jáde, ẹ ní kí ẹni tó gbé e wá sọ́dọ̀ yín fi nọ́mbà rẹ̀ lé yín lọ́wọ́ kí ẹ tó wọ yàrá ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́. Bí bàbá yẹn bá tún pè wọlé, ẹ má tíì fi orin sí i. Ẹ bi í pé ìdá mélòó ló rò pé ó jẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gbọ́ yín láràárọ̀.